Àpò Tí Dókítà Rán

Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, orí fóònù ni, láti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti fẹ́ yẹ bátìrì àyà rẹ̀ wò. Kò kí i, kò bi í bóyá ó ti jẹun. "Màmá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ mi o. Kaba rẹ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo ń bọ̀ wá rán àpò kejì." Ọ̀rọ̀ àpò ló fi dágbére fáyé. Kò ya ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Aránṣọ ni. Ọ̀gá Alápò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí aṣọ kan kì í tọwọ́ rẹ̀ jáde láìlápò. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan wá bá a pé òun fẹ́ ṣòkòtò tí kò ní àpò rárá, kó lè jókòó dáadáa lára òun. Ọ̀gá Alápò wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ojú bá tì ọ́, ibo lo máa kó ọwọ́ sí?"

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, dókítà ṣàlàyé pé òun yóò la awọ àyà rẹ̀, òun yóò ṣe àpò kékeré kan síbẹ̀, òun yóò sì ki ẹ̀rọ tí yóò máa rán ọkàn létí iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Ìyàwó ń sunkún; ọkọ ń bèèrè bóyá àpò ọ̀hún máa ní ìdérí. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó gba dígí, ó wo ojú rírán náà títí. "Kò burú," ló wí. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ mi ló rán an, màá ní kó tú u."

Ṣùgbọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú ni wọn kò jẹ́ gbàgbé. Ọmọ wọn obìnrin ti bímọ sí òkèèrè, ìyàwó Ọ̀gá Alápò, tó ti di ìyá àgbà, ò sì tíì fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí. Bàálù ọjọ́ náà ló máa gbé e débẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò yín sínú àwo yìí," ni ọmọbìnrin tó ń yẹ èrò wò wí.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, bàbá."

Ó bẹ̀rẹ̀. Òwú dúdú, òwú funfun, téèpù, ṣọ́ọ̀kì, àwọn bọ́tìnnì tí kò mọ aṣọ tí wọ́n ti já mọ́. Àwo kún, wọ́n gbé òmíràn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pòṣé.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ku ẹyọ kan." Ó fọwọ́ lé àyà. "Ṣùgbọ́n dókítà ló rán àpò tìyẹn. Kò fi síìpù sí i."

Ọmọbìnrin náà sáré pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá dé tòun ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ ara wò lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Mo gbọ́. Tí mo bá fi í balẹ̀, ta ló máa bá mi gbé e?"

Àwọn tó ń pòṣé gan-an bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Káàdì tí ilé ìwòsàn fún yín dà? Láìsí i, ẹ ò lè wọ bàálù yìí."

Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu ìyàwó. Ọ̀gá Alápò tú àpò inú kóòtù, ó tú èyí tó wà nínú àpò ọ̀hún, ó tú ti ìbàdí, ó tiẹ̀ bá ọ̀kan pàdé lẹ́yìn orúnkún tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Wọ́n ti ń pe àwọn èrò wọlé.

"Ibo lẹ kó o sí?"

"Ibi tí olè ò ti ní rí i."

"Ẹ̀yin náà ò rí i."

"Àpò tó dáa nìyẹn." Ó wá yíjú sí kaba ìyàwó rẹ̀. "Ki ọwọ́ bọ àpò rẹ."

"Àpò wo? Ẹ ò rán àpò sáṣọ mi rí."

Òótọ́ ni. Gbogbo ayé ló rán àpò fún; ìyàwó rẹ̀ ló ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí aṣọ. Tirẹ̀ máa ń di ọ̀la, nítorí àwọn oníbàárà.

"Apá òsì," ló wí.

Ó fọwọ́ wá a. Àpò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tẹ́jú débi pé kò mọ̀ ọ́n lára. Káàdì wà nínú rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ara mi?"

"Nǹkan máa ń sọnù lọ́wọ́ mi. Ìwọ ò sọ mí nù rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò gbà fún un bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti jókòó sínú bàálù báyìí, ó kọjú sí i. "Tiyín ni àpò yìí. Tèmi dà?"

"Apá ọ̀tún ni tìrẹ máa wà. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ná."

Wọ́n dé. Ìyá àgbà gbé ọmọ títí apá fi ro ó. Wọ́n padà sílé, àwọn oníbàárà tún gba iwájú, títí di àárọ̀ tí Ọ̀gá Alápò ń lọ yẹ bátìrì wò, tó fa kaba náà yọ kó tó jáde.

Ọmọ rẹ̀ ń sọ pé aránṣọ mìíràn lè parí rẹ̀. Ìyá a máa rẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ṣé o fẹ́ kí n wá rojọ́ fún wọn ni?" Láràárọ̀ ló ń nu eruku orí ẹ̀rọ náà, tó ń yí ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́.

Kaba náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àpò òsì wà, káàdì wà nínú rẹ̀. Lápá ọ̀tún, Ọ̀gá Alápò ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Kò tíì rán an.