Ẹ̀wà Táyé àti ti Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará kíláàsì ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ọmọ ọmọ mi dá mi lẹ́jọ́ lónìí lójú gbogbo àlejò rẹ̀.

Mo se ẹ̀wà ìbejì fún un, mo sì pe àwọn ọmọdé àdúgbò wa l'Ọ́jọ̀ọ́ jọ sórí ẹní. Láti ìgbà tí Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, ti kú, a ò sè é mọ́, àfi lónìí. Ìyá wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Kí ọkàn ìyá má baà bàjẹ́, abọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú Táyé.

Ó tì í sẹ́yìn.

"Màmá àgbà, ti Kẹ́hìndé dà?"

Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Mo ní, "Jẹun, ọkọ mi. Tìrẹ nìyẹn."

"Méjì lẹ máa ń bù."

Òótọ́ ni. Mo bu èkejì.

Ọmọ kan ní, "Ta ló máa wá jẹ ẹ́?"

Táyé gbé e lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ bá a jẹ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ sunkún títí, ṣùgbọ́n ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bí ìbejì rí, ta ní ń jẹ ti èyí tó lọ nílé tiyín? Ẹ dá mi lóhùn.