Ọpẹ́ Tí Kò Kàn Mí

Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa jowú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó wọn lọ́jà. Èmi jowú Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń jókòó sórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ní Kàbà, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Àwa tó kàwé dé ibẹ̀ kò pọ̀ nílùú nígbà náà, mo sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa ni mí. Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún nínú ooru. Lédè wa ní Kàbà, "ìwọ" là ń pe ọmọdé àti àgbà, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Èmi ní kí ìyàwó mi máa pè mí ní "ẹ̀yin", bí wọ́n ti ń ṣe níbi tí mo ti kàwé. Ó gbà. Ó ń pè mí ní ẹ̀yin bí ẹni ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀.

Ọmọ wa àkọ́kọ́, ọmọbìnrin, kú kó tó pé ọdún kan. Ibà ni. Ìyàwó mi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, kò fọwọ́ kan òfì tó fi ń hun aṣọ, tó wà lára ògiri, mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá kejì. Ó ń dúpẹ́.

Kì í ṣe irú ọpẹ́ tí à ń dú ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ti ń fi gbólóhùn kan yin Ọlọ́run ká lè ráyè fi ìyókù tọrọ mọ́tò. Ó ń dúpẹ́ bí ẹni ń kó ẹrù jáde nínú apẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Olúwa, o ṣé tí òjò rọ̀ lánàá. O ṣé fún ilá tí ìyá oníyọ̀ fún mi. O ṣé tí ewúrẹ́ bímọ ní ìrọ̀rùn. O ṣé fún gbogbo ìgbà tí o fi jẹ́ kí n pọn ọmọ mi." Ìyá oníyọ̀ ni aládùúgbò wa, Mùsùlùmí, tó ń ta iyọ̀ àti kànáfùrù lọ́jà. Nígbà tí ìyàwó mi jáde, ojú rẹ̀ tòrò bí omi àmù tí a kò tíì bù. Ó jókòó sídìí òfì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

Ìyẹn ni owú àkọ́kọ́. Ọmọ kan náà ló kú fún àwa méjèèjì. Èmi ò rí oorun sùn, inú ń bí mi sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, inú ń bí mi sí àwo ọbẹ̀. Òun ti rí àlàáfíà, kò sì fún mi jẹ níbẹ̀. Ọlọ́run ló ń pè ní ìwọ, èmi ló ń pè ní ẹ̀yin, mo sì ti rò tẹ́lẹ̀ pé èmi ni mo jèrè.

Owú kejì le ju ìyẹn lọ. Mo ń fetí sí ògiri láràárọ̀, mi ò sì gbọ́ orúkọ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé oorun ló jẹ́ kí n pàdánù rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí, síbẹ̀ pàbó ni. Ó dúpẹ́ fún ìyá oníyọ̀. Ó dúpẹ́ fún bàbá kátíkísì ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ikọ́ rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀. Ó dúpẹ́ fún adìẹ tó ń yé síbi tí kò yẹ. Ó tún dúpẹ́ fún ewúrẹ́. Mo jowú ewúrẹ́.

Mo wá pinnu pé n ó ṣiṣẹ́ wọ inú ọpẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan mo gbé garawa, mo gba odò lọ, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi yíjú wò mí láti orí dé ìbọ̀sẹ̀. Ìyá oníyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Okun o, Tíṣà. Háábà! Ṣé wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá o, ìyá. Mo kàn fẹ́ ran ìyàwó mi lọ́wọ́."

"Tò. Kí lo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù lórí ẹnì kan. Òmíràn ní, "Ẹ fún un ní òṣùká o. Orí tó kún fún ìwé yẹn, kó má lọ fọ́!"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo fetí sí ògiri. "Olúwa, o ṣé fún omi tó kún àmù." Àfi bí ẹni pé omi náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Mo gun òrùlé, mo dí ibi tó ń jò. "O ṣé tí òrùlé kò jò mọ́." Mo wọ lọ́rì lọ sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ́, mo ra òwú pupa fún un, òwú tó dára. "O ṣé fún òwú pupa yìí." Èyí ni mi ò lè fara dà. Mo ṣílẹ̀kùn bá a lórí ìkúnlẹ̀.

"Ta ló ra òwú?"

Ó lajú. "Ẹ̀yin ni."

"Ta ló pọnmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Gbogbo Kàbà ló rí yín."

"Kí ló wá dé tí o kò dárúkọ mi? O dárúkọ ewúrẹ́!"

"Ewúrẹ́ kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí a sin ọmọ, àwọn èèyàn wá kí wa. Ìyá oníyọ̀ di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan. Ìwọ dìde, o ń ṣàlàyé ẹ̀fọn fún wọn. O fi igi ya ẹ̀fọn sílẹ̀. O ní ká ní a ti da omi inú ìkòkò ẹ̀yìnkùlé nù, ọmọ kì bá tí kú. Ìkòkò ta ni?"

Ìkòkò aró rẹ̀ ni. Mo rántí àwòrán ẹ̀fọn náà dáadáa. Mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Mi ò lè purọ́ fún Ọlọ́run," ló wí. "Ohun tí mo bá dúpẹ́ fún, mo ti wo inú mi, mo sì ti bá ọpẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Tìrẹ kò tíì sí. Mo ń wá a láràárọ̀."

"Síbẹ̀ ọkàn rẹ balẹ̀?"

"Ó balẹ̀."

"Láìsí èmi níbẹ̀?"

"Bí mo bá ní kí n dúró dè ọ́ ni, ìbànújẹ́ ì bá ti pa mí."

Àwíjàre pọ̀ lẹ́nu mi, òmíràn tiẹ̀ wà lédè Látìn. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo bi í bóyá mo lè kúnlẹ̀.

"Ilé rẹ ni," ó dáhùn.

Mo kúnlẹ̀, eegun orúnkún mi dún. Ó dijú, ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé àlejò kan ló kọjá. Òwú. Òrùlé. Ìyá oníyọ̀. Mo ń dúró bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Ó tún lanu.

"Olúwa, ní ti ọkùnrin yìí, mi ò tíì lè dúpẹ́. Ràn mí lọ́wọ́."

Ó yẹ kí ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ara mi rọ̀, omi bọ́ lójú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ náà. Òun àti Ọlọ́run ti ń sọ̀rọ̀ mi. Mo ti wọnú ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jíròrò, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Mo ṣe àmín, ó tilẹ̀ ròkè ju bó ti yẹ lọ.

Ó ṣí ojú kan, ó wò mí.

"Mi ò tíì parí," ó ní.

Mo tún dijú.