Bàálù Ọkọ Àbúrò Mi

Ọlákúnlé ni orúkọ ọkọ àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Captain ni kí ẹ pè é. Nígbà tí wọ́n ń gbé ní Pearland lẹ́bàá Houston, ní Amẹ́ríkà níbí, Engineer ló ń jẹ́, tí ẹ ò bá sì fi Engineer ṣáájú orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní dá yín lóhùn. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ láti máa wa bàálù ni Engineer kú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló ta ilé Pearland, ilé tó dára, tí kò jìnnà sí ibi tí Mojọlá àbúrò mi ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Medical Center. Ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sínú oko. Mo ní inú oko, nítorí màlúù ni aládùúgbò wọn lápá kan. Àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́lé síbẹ̀, wọ́n yí ọ̀nà gbọọrọ kan ká, ọ̀nà tí bàálù ń sá lórí rẹ̀ kó tó gbéra. Gáréèjì kálukú fẹ̀ tó ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, bàálù ni wọ́n sì ń gbé síbẹ̀. Tí o bá ń wa mọ́tò ládùúgbò náà tí o pàdé bàálù, ìwọ lo máa yà fún un. Èmi, ní ọjọ́ orí mi, mo ti wa Corolla mi wọ inú koríko nítorí ọkọ àbúrò mi, ó sì ń juwọ́ sí mi látinú bàálù bíi pé ọba ló ń kọjá.

Nígbà tó ra bàálù náà, pásítọ̀ wá yà á sí mímọ́. Ó da òróró lé e lórí títí tó fi ṣàn bo gíláàsì iwájú, Ọlákúnlé sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan nu ún. Ó dùn mọ́ mi.

Kí ló wá ń fi bàálù ọ̀hún ṣe? Ní Sátidé, òun àti àwọn òyìnbó yẹn á fò lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n á jẹ ẹyin àti búrẹ́dì, wọ́n á tún fò padà. Ẹyin wà nínú fíríìjì ilé o. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi bàálù lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Uptown láàárín ìlú, Mojọlá ló máa kọ́kọ́ jí, tó máa wa mọ́tò lọ dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú, kí Captain má baà balẹ̀ tán kó má rí ẹni gbé e. Lójú tèmi, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fi mọ́tò ṣáájú débẹ̀ kò fò lọ síbì kankan.

Èyí tó tún burú ni pé kò gbọdọ̀ wọ inú àwọsánmà. Irú ìwé àṣẹ tí wọ́n fún un, àfi kó máa rí iwájú rẹ̀ kedere. Ní Houston níbí, tí àwọsánmà ń jókòó sórí òrùlé wa láràárọ̀! Tójú ọ̀run bá ti ṣú, á máa rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ní àmì góòlù léjìká. Òun fúnra rẹ̀ ló ra àmì ọ̀hún.

Zion, ọmọbìnrin, ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Lọ́dún yìí ló wọ ilé ìwé ìṣègùn ní San Antonio. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n máa ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí pèpéle, òbí rẹ̀ á sì gbé kóòtù funfun ti dókítà wọ̀ ọ́. Zion ní bàbá òun ni òun fẹ́ kó wọ̀ ọ́ fún òun. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

"Daddy, please, ẹ drive. Ẹ má fly lọ́jọ́ yẹn."

"Drive kẹ̀? One hour ni mo máa fi débẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti kúrò nílé mi ní Sharpstown lọ bá wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọsánmà ti bo ibi gbogbo. A múra tán, a jókòó sínú gáréèjì. Ọlákúnlé á jáde, á wo òkè, á tún wọlé, á ní ó máa tó ká kúrò.

"Daddy Zion, ẹ jẹ́ ká lọ," ni Mojọlá sọ. "Tá a bá fi mọ́tò lọ báyìí, a ṣì máa bá a."

"Kí n fi Corolla lọ síbi tí ọmọ mi ti fẹ́ di dókítà? Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Àwọn èèyàn wo?" ni mo bi í. "Àwọn màlúù?"

Ó tún jáde lọ wo òkè. Mojọlá wo ọkọ rẹ̀ títí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sínú mọ́tò mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra bàálù yẹn, n kò tíì rí i kó lọ síbì kan láì dúró de ọkùnrin náà.

Wọ́n ti ń pe orúkọ nígbà tá a débẹ̀. Zion rí wa, ó sì tún ń wo ẹ̀yìn wa. Ó ku ẹnì kan kó kàn án ni fóònù Mojọlá gbọ̀n. Àwọsánmà ti ká, Captain ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ kékeré tó balẹ̀ sí jìnnà sí ìlú, kò sì rí ọkọ̀ kankan. Ó ní kí Mojọlá tètè wá gbé òun.

Mojọlá fi iṣẹ́ tó rán náà hàn mí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò jẹ́ kí n lè rín in. Ó ju fóònù sínú báàgì, ó gun orí pèpéle, ó sì gbé kóòtù wọ ọmọ rẹ̀. Mo sunkún, n kò ní purọ́.

Wọ́n ti ń to àga jọ kí Ọlákúnlé tó rí ẹni gbé e débẹ̀, pẹ̀lú góòlù èjìká rẹ̀. Ó ní kí Zion bọ́ kóòtù, kí òun tún wọ̀ ọ́ fún un, kí wọ́n ya fọ́tò. Zion kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, Daddy. Mummy ti wọ̀ ọ́ fún mi."

"Ó dáa. Wá jókòó níwájú pẹ̀lú mi, ká jọ fò relé."

"Mo máa tẹ̀lé Mummy."

Ọlákúnlé wá kọjú sí mi.

"Àǹtí Wùmí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbé mi dé pápákọ̀?"

Mo gbé e. Mojọlá àti Zion bá wa lọ. Ọlákúnlé dá wọ inú bàálù oníjókòó mẹ́rin yẹn, ó ń juwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé. Mojọlá juwọ́ padà. Kí bàálù tó gbéra nílẹ̀, Zion ti wọ ẹ̀yìn Corolla mi, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì bọ́ kóòtù náà títí a fi délé.