Àtàǹpàkò Màmá Mi

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni màmá mi ò fi rí ìpè àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbé. Wọ́n ní fóònù ti bàjẹ́.

Lónìí, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún. Ó tan ohun kan tó ń fi àmì funfun síbi tí ìka bá ti kan ojú fóònù.

"Màmá, ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́."

Àmì méjì yọ.

"Ìka kan ni mo sọ, mà."

"Ìka kan náà ni mo fi tẹ̀ ẹ́, jàre."

Àṣé àtàǹpàkò òsì tí màmá mi fi di fóònù mú wà lójú rẹ̀, fóònù sì ń kà á mọ́ ìka tó kù, ìdí nìyẹn tí ìpè ò fi ṣeé gbé.

"Ẹ gbé àtàǹpàkò yẹn kúrò, mà."

"Ní Ìkòtún? Kí àwọn olè lè já a gbà?"

Àbúrò mi tún ń pè báyìí. Àtàǹpàkò ò kúrò. Ẹ̀yin ará, kí ni kí n sọ fún wọn?