Ìró Odó Òfìfo

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ, ilé oúnjẹ mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Méjì nínú wọn, n ò lè gbé oúnjẹ wọn fún ajá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé mò ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́ o. Mo jẹ ẹ́, ẹnu mi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan ló ni àkọ́kọ́, ìrẹsì ló ń sè. Ó ní Kùtọnu lòun ti kọ́ ọ. Ṣíọ̀! Bó bá jẹ́ pé ní Kùtọnu ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí ìrẹsì ṣe ń di ẹ̀kọ lókè tó sì ń jóná nísàlẹ̀, a jẹ́ pé ó kọ́ ọ yanjú. Omi gbígbóná tí wọ́n fi tòmátì hàn ló ń pè ní ọbẹ̀. Bí o bá wá ẹja nínú rẹ̀, tí o kò rí i, á ní ó ti yọ́.

Ìyá mi ló ni èkejì. Màá sọ tiẹ̀ náà bó ṣe rí. Ìyá mi ò mọ ilá sè, kó má bàa dà bíi pé mò ń gbè é. Ṣùgbọ́n iyán! Ẹ jẹ́ n sọ àṣà wa fún yín. Ní Ṣábẹ nígbà yẹn, wọn kì í gún iyán de àlejò. Ẹni tó fẹ́ jẹun á kọ́kọ́ jókòó, á fọ ọwọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó kó iṣu gbígbóná sódó. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró ọmọ odó kó tó rí iyán. Bí kò bá gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé iyán tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé fóun, á sì dìde, á bá tiẹ̀ lọ. Ìyá mi ò fi ṣeré rárá. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó, ó máa ń gbóná débi pé o ní láti fẹ́ ọwọ́, ó sì máa ń fi wàrà Fúlàní díndín sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìyàwó dẹlẹgé. Ayé ìjọba ológun, ayé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ti di kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ wa nínú ìjà, títí kan ẹni tí kì í dá ọ lóhùn tẹ́lẹ̀. Dẹlẹgé ni ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa. Bó bá sọ pé ẹnì kan ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn. Bàbá mi sì wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe.

Ìyàwó dẹlẹgé wá ṣí ohun tó pè ní rẹsitoráà. Ẹ gbà mí! Àfẹ̀mọ́júmọ́ lobìnrin yìí ti ń gún iyán gbogbo ọjọ́. Bí ẹ bá dé ní ọ̀sán, á bu omi gbígbóná lé e lórí, á fi ọwọ́ pò ó. Kókó inú rẹ̀ tó ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ọbẹ̀ rẹ̀ kan. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń lá ọwọ́: “Màmá, ó mà dùn o!” Òpùrọ́ gbogbo! Ẹ̀rù ni wọ́n ń jẹ, kì í ṣe iyán. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé wa, wọ́n á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tó ń wá nǹkan. Iṣu tí ìyá mi bá bó fún títà, àwa náà la máa ń jẹ ẹ́ mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ dé gongo lọ́jọ́ tí ọ̀gá kan fẹ́ wá láti Kùtọnu. Òun ló máa yan ilé tí àwọn àlejò ìjọba yóò ti máa jẹun bí wọ́n bá gba Ṣábẹ kọjá. Dẹlẹgé ti múra sílẹ̀ dè é nílé oúnjẹ ìyàwó rẹ̀. Àwa ọmọ ilé ìwé máa kọrin kí ọ̀gá káàbọ̀, a ó sì bá a jẹun. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́ bó ṣe máa ń pẹ́, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kó tó dé. Iyán tí wọ́n ti gún láti àfẹ̀mọ́júmọ́ sì ti gan.

Bí ọ̀gá ṣe jókòó tó fọwọ́, a gbọ́ ọmọ odó lẹ́yìn ògiri: kọ̀, kọ̀, kọ̀! Dẹlẹgé rẹ́rìn-ín: “Ẹ gbọ́ o, iyán tuntun.” Ọmọ Ṣábẹ wo ni kò mọ̀ pé iṣu kì í dún bẹ́ẹ̀? Bí iṣu bá wà nínú odó, gbì ló ń dún. Igi ló ń gbá igi yìí. Obìnrin náà ní kí wọ́n máa gún odó òfìfo kí àlejò lè gbọ́ ìró! Mo ti ń rí oríṣiríṣi èèyànkéèyàn láti ọjọ́ yẹn, n ò tíì rí irú rẹ̀.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òdìkejì títì, ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé àṣírí ti tú.

Ọ̀gá bu òkèlè kan, ó dúró. Kò gbé e mì kíákíá. Ló bá pè mí. “Kamaráàdì kékeré, àwọn ọmọdé ò mọ ojúsàájú. Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé iyán yìí dáa? Àbí ibì kan wà tó sàn jù ú lọ?”

Dẹlẹgé wò mí, ó wá rọra yí ojú sí ọ̀nà ojú irin, níbi iṣẹ́ bàbá mi.

Mo ní, “Ó dùn gan-an, ọ̀gá. Kò síbi tó dùn tó o.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀gá sì yan ilé ìyàwó dẹlẹgé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti wọlé.

Kò nà mí. Bó bá nà mí ni, ì bá sàn. Bàbá mi ní mo ṣe ohun tó tọ́, pé iṣẹ́ òun ni mo gbà là, òótọ́ sì ni. Ìyá mi kàn ń kó eérú nídìí ààrò, ó ní, “Ìwọ náà gbọ́ ìró odó yẹn.” Kí ọyẹ́ tó lọ, ó ti dojú odó rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń lọ roko fún olóko ní àdúgbò Bóní.

Ayé ti yí padà. Dẹlẹgé ò sí mọ́, kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ bàbá yín nítorí òkèlè iyán. Ẹ̀yin wá ń ṣe bí àwọn akọ̀wé ìjọ́sí! Lóṣù tó kọjá, ẹ gbé mi lọ sí ilé oúnjẹ tuntun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gún iṣu. Ẹ ya fọ́tò oúnjẹ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Nígbà tí ọmọge tó gbé oúnjẹ wá béèrè pé ṣé ó dùn, gbogbo yín ní ó dùn.

Mo ní, “Kò dùn. Ó tutù, ó ní kókó, ọbẹ̀ yín sì kan.”

Ẹ fọwọ́ bojú. Ẹ ní, “Màmá, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń gbọ́.”

Mo wo òdìkejì títì, ibi tí ẹnu ọ̀nà ìyá mi wà nígbà kan. Àwọn tó ń ta epo mọ́tò inú ìgò ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn ń gbọ́, òótọ́ ni. Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.