Abọ́sẹ̀dé Kò Bọ́ Ìbọ̀wọ́

Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé àìmọ kọ̀ǹpútà lò Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti dókítà rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òun gan-an ló kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yòókù nílé ìwòsàn wọn ní Múṣin bí wọ́n ṣe ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí òun bọ́ ìbọ̀wọ́ nídìí aláìsàn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílé ìwòsàn náà, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ládìpọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, nítorí náà àwọn tí irin mọ́tò gé ló máa ń wá jù. Nígbà tí Dókítà Kọ́lápọ̀ gba ilé ìwòsàn lọ́wọ́ baba rẹ̀, ó kó ìwé dànù, ó sì ra tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí nọ́ọ̀sì tẹ ohun gbogbo sínú rẹ̀ kí ó tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, òfin nìyẹn. Ẹni tí ó bá pẹ́, ẹ̀rọ á fi àmì pupa sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àmọ́ ojú ẹ̀rọ náà kì í gbọ́ ti ìka tí ó wà nínú ìbọ̀wọ́, àgàgà tí ìbọ̀wọ́ bá ti tutù. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ń bọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún èyí tí wọ́n bọ́ wọ̀. Hadassah, tí ó kéré jù nínú wọn, tiẹ̀ ń fa ìbomú wálẹ̀, ó ń fi imú tẹ̀ ẹ́.

"Hadassah!" ni Abọ́sẹ̀dé pè é. "Ṣé imú ni wọ́n fi ń kọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ yín?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Àmì pupa mi ti di mẹ́rin."

"Àmì pupa ò ran ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ń kó àrùn ran ènìyàn. Gbé imú ẹ kúrò níbẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀ máa ń lẹ pílásítà funfun gígùn kan mọ́ iwájú aṣọ ìdáàbòbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń fi báírò kọ wákàtí abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sí. Tí ó bá tọ́jú aláìsàn tán, tí ó bọ́ ìbọ̀wọ́, tí ó fọ ọwọ́, ìgbà náà ni yóò tó wo ohun tí ó kọ, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́. Kò ṣìṣe rí. Ó kàn ń pẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, dókítà fún un ní kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn, nítorí àmì pupa rẹ̀ tó ti pọ̀ jù: kí ó fèsì kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, tàbí kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì náà, wọ́n gbé Àbdùlsàmàd, tí ó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Ládìpọ̀, wọlé. Irin ti la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ń rán an. Bó ṣe dé ìdajì, Abọ́sẹ̀dé gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ tẹ abẹ́rẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ gún un síbẹ̀. Ó ti ń pẹ́."

Dókítà tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kò gbọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló fi ra ojú ẹ̀rọ. Ó fi àtàńpàkò ha ẹnu ìbọ̀wọ́ láti bọ́ ọ.

"Ah, dókítà!" ni Àbdùlsàmàd ké. "Ẹ rán ọwọ́ mi tán ná, kí ẹ tó máa ṣe géèmù!"

"Ẹ bọ́ ọ o," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Èmi ò ní bọ́ tèmi."

Dókítà fi ẹnu ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀.

"Àǹtí Sẹ̀dé, ẹ fún mi ní pílásítà yẹn."

Abọ́sẹ̀dé gé ọ̀kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dókítà láyà. "Wákàtí ni ẹ kọ́kọ́ máa kọ."

Síbẹ̀ dókítà kò sọ pé òun gba kúẹ́rì náà padà. Abọ́sẹ̀dé náà kò bẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó lẹ pílásítà kan mọ́ ìwé kúẹ́rì náà, ó kọ ọ́ sí i pé: "Mi ò bọ́ ọ, mi ò sì ní bọ́ ọ," ó fi í sórí tábìlì dókítà, ó gba ilé rẹ̀ lọ ní Sùúrùlérè. Ọjọ́ Fúráìdeè, ó padà síbi iṣẹ́ ní aago méje géérégé. Kò sẹ́ni tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àmì pupa ṣì ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ní kí ó máa jáde.