Bọ́tìnnì Mẹ́rin Lábẹ́ Àwo

Nígbà tí sánkáráu, àrùn yírùnyírùn tí ó máa ń mú ọpọlọ, tí ó sì máa ń jà ní Zaria nígbà ooru, mú ọmọ mi obìnrin, ó pẹ́ ní ọsibítù kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ fún wa. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń kí ènìyàn ní Hausa àti ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ní kí ó wà nílé di táàmù tuntun, pé òun yóò dán an wò nígbà náà kí òun tó gbà á padà. Ìdí nìyí tí mo fi gba eré kan lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì ní Samaru. Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ó ní eré náà ni àwọn fi ń kọ́ ọpọlọ àwọn ní ìrònú. Bọ́tìnnì inú àpótí ìránṣọ mi ni ó fi ṣe tiwa, àwọ̀ mẹ́fà. Èmi yóò to mẹ́rin sábẹ́ àwo, ọmọ yóò to mẹ́rin tirẹ̀ síta. Bí àwọ̀ kan bá bá tèmi mu ní ipò rẹ̀ gan-an, n óò fi ẹ̀wà kan lélẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ipò rẹ̀ kò tọ́, àgbàdo kan. Ibẹ̀ ni yóò ti máa rò ó, títí yóò fi mọ ohun tí mo fi pamọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ló ń tò: pupa, pupa, funfun, búlúù. Ohun yòówù kí n fi lélẹ̀, kò yí i padà. N kò jẹ́ kí ó jáde lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, kí wọ́n má baà fi í ṣẹ̀sín. Orí ẹní ni a ń wà. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí mo tò. Ó máa ń na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kan, á dúró díẹ̀, á gbójú sókè, kí ó tó mú un. Mo ní àròjinlẹ̀ ni. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó lọ ra bàtà ilé ìwé.

Akọ̀wé dé lọ́jọ́ kan, mo ní kí òun náà fi tirẹ̀ pamọ́. Ọmọ tò ó títí, kò bọ́ sí i. Mo gba àwo, mo to tèmi, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo ń fi Akọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń dẹ́rù ba ọmọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n to òmíràn, kí n wá jókòó sẹ́yìn ọmọ. Ọmọ na ọwọ́, ó dúró, ó yí ọrùn wá mi.

“Mọ́mì, ẹ bọ́ síbí kí n rí yín.”

“Ìyàwó wa,” Akọ̀wé sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, “kì í ṣe bọ́tìnnì ló ń wò. Ojú yín ló ń wò.”

Mo ní irọ́ ni. Nígbà tí ó lọ tán, mo fi ìborùn bo ojú mi, mo ní kí ọmọ tò ó. Mo ń gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń kan ilẹ̀. Mo ṣí ojú: pupa, pupa, funfun, búlúù.

Táàmù tuntun dé, a lọ. Ọ̀gá ní kí n dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó kọ mẹ́fà àti méje sí pátákó, ó ní kí ó rò wọ́n pọ̀. Ọmọ mi kò wo pátákó. Ojú ọ̀gá ni ó tẹjú mọ́, ó ń retí, ojú náà kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, sí mi. Mo mọ ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń fi ojú sọ mẹ́tàlá.

Ọ̀gá nu pátákó, ó ní kí n máa mú un lọ sílé.